Ẹni tó bá ti rí i rí, ẹ wá sọ ọ́: nígbà tí wọ́n fi igbó lọ̀ yín lọ́mọdé

Múṣin ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò jìnnà sí Àkálà, àdúgbò tí wọ́n mọ̀ mọ́ igbó títà. Ohun tí ará ìta ò mọ̀ ni pé kì í ṣe àjèjì ló ń fi igbó lọ ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò ni. Òun ló gbèjà rẹ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Ìdí-Orò dá ẹ dúró, òun ló ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún ẹ nígbà tí nǹkan ò rọgbọ nílé. Tó bá wá nà án sí ẹ, tó ní, "Fà á díẹ̀, ẹ̀rù ò ní bà ẹ́ mọ́," báwo lo ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́ lójú ẹ̀? Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n lè ní ó ń ṣòfófó fún ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èmi kì í sọ pé mi ò fẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ásímà ń yọ mí lẹ́nu" ni mo máa ń wí. Ọ̀rẹ́ mi kan á ní kóòṣì òun máa lé òun kúrò nínú tíìmù. Kóòṣì yẹn wà lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ló sì ń bẹ̀rù ẹ̀. Ọmọ tí ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwọn yẹn ni mo máa ń rò.

*Láti Bẹẹrẹ, Ìbàdàn:* Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọmọ ọdún 13 ni àbúrò mi nígbà tí wọ́n gbé skushi fún un níbi ọdún àdúgbò. Wọ́n ní zobo tútù ni. Zobo ni lóòótọ́, àmọ́ tramadol, kodéènì àti igbó ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oníkodéènì ní oṣù Karùn-ún 2018, ta ló lè fòfin de zobo? Màámi ti kìlọ̀ fún wa pé ká má mu ohun tí wọ́n bá ti ṣí ìdérí ẹ̀. Àbúrò mi ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ló bá gba ẹ̀yìnkùlé sá wálé. Wọ́n ń pè é ní "ọmọ màmá" títí ó fi ń sunkún. Àwọn àgbàlagbà jókòó síbẹ̀ o, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí.

*Ará Múṣin:* Àbúrò, ẹ bá mi kí i, ó ṣe ọkùnrin. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ ilé wa pé kí wọ́n máa fi orúkọ mi kọ̀ ọ́. Kí wọ́n ní bọ̀ọ̀dá àwọn máa nà wọ́n. Ẹni tó bá bínú, kó wá bá èmi.