Ṣé àwọn akọ̀ròyìn tiẹ̀ ń ka àtẹ̀jáde tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn?

AlukoroẸlẹ́rọ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Oṣù 14 rèé tí mo ti di alukoro iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àwọn àgbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn 164 lórí ímeèlì. Àwọn mẹ́ta ló fèsì. Ọ̀kan ní kí n yọ orúkọ òun kúrò. Ìkejì ní eré bọ́ọ̀lù lòun ń kọ. Ẹ̀kẹta ní òun ti fi iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi kọ nǹkan yìí. Ọ̀gá wa kà á, agbẹjọ́rò kà á, àwọn tó ń tajà náà kà á, olúkúlùkù sì bu tirẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe akọ̀ròyìn kan, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí àtẹ̀jáde wa?" Ó ní òun rí i, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀gá mi ò yéé béèrè pé ìwé ìròyìn mélòó ló ti gbé e. Àkọlé rẹ̀ ni: "Iléeṣẹ́ Wa Gbé Ojútùú Àrà Ọ̀tọ̀ Jáde Tí Yóò Tún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Ṣe." Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

OlóòtúÒru fèsì:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ wa. Ọdún 11 ni mo fi ṣe olóòtú òru kí n tó wá di alukoro bíi tiyín. Mo ti jẹ nínú ìyà yìí, mo sì ti fi jẹ ẹlòmíì.

Ojútùú sí kí ni? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, lẹ́tà tó ń wọlé lójoojúmọ́ máa ń lé ní 200. Èyí tí mo bá ti rí "àrà ọ̀tọ̀" lára àkọlé rẹ̀, pípa ni mo ń pa á rẹ́ láìṣí i. Ìkà kọ́, oorun ni. Èyí tí mo bá sì ṣí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ máa ń fò: "Inú wa dùn gidigidi láti..." Mi ò tíì rí ọ̀gá kan nínú àtẹ̀jáde tí inú rẹ̀ kò dùn rí.

Ti àwọn 164 yẹn ńkọ́? Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Akọ̀ròyìn kan wà nínú wọn tó ń kọ nípa ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó yẹ kí ẹ fi orúkọ pè. Ó ti rí i pé ẹ kó òun pọ̀ mọ́ oníbọ́ọ̀lù.

Àmọ́ mo lè fojú fo gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè gbàgbé rèé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àtẹ̀jáde kan wọlé nígbà tí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Ìròyìn gidi ni: iléeṣẹ́ kan ń gba ọjà rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí pé bátìrì inú rẹ̀ ń gbóná jù. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un lójú ìwé kẹta. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀: èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún wo? Mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ti pa fóònù náà. Mo kọ ímeèlì, kọ̀ǹpútà ló dá mi lóhùn pé alukoro ti lọ sinmi, ó di ọjọ́ Ajé. Fọ́tò òjò ni mo fi dí àyè yẹn. Aago méje àárọ̀ ò tíì lù dáadáa tí ọ̀gá rẹ̀ fi pè mí, tó ń bú mi pé mo kórìíra iléeṣẹ́ àwọn.

Ivy Lee, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló kọ àtẹ̀jáde àkọ́kọ́, akọ̀ròyìn lòun náà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1906, ọkọ̀ ojú irin iléeṣẹ́ Pennsylvania Railroad já bọ́ sómi láti orí afárá nítòsí Atlantic City ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní 50 sì kú. Bíbò mọ́lẹ̀ ni àwọn onírélùwéè máa ń bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lee kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fún àwọn akọ̀ròyìn, New York Times sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Ibi tí àwa alukoro máa ń dúró nínú ìtàn náà nìyẹn. A máa ń gbàgbé pé ó tún kó àwọn akọ̀ròyìn lọ síbi tí ìjàǹbá náà ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

Ẹ wá dá mi lóhùn: níbo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn?

ÈmiNáàDùn fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn yín àtijọ́ jù o. Akọ̀ròyìn kan da àtẹ̀jáde mi kọ láti òkè délẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, kò tiẹ̀ yọ "fún àlàyé síwájú sí i, ẹ pe alukoro wa" kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn òǹkàwé fi ń pè mí. Òmíràn pè mí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ pé òun fẹ́ onímọ̀ kan kí aago márùn-ún tó lù. Mo fa dókítà jáde nínú ìpàdé. Wọn ò lo gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni náà ò sì gbé fóònù mi mọ́.

Embargo, ìyẹn pé kí wọ́n má tíì gbé ìròyìn jáde títí di àkókò tí a dá, wá ńkọ́? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ti gbé e jáde. Ìgbà tí àtẹ̀jáde míì bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á tún pè mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́?" Ta ni ì bá tún kọ ọ́?

OlóòtúÒru fèsì:

Ti dídà kọ yẹn, ẹ̀bi wọn ni, mi ò ní jiyàn. Ti dókítà náà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pè láti sọ pé àyè ò gbà á.

Àdéhùn ni embargo. Ṣé ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fi ránṣẹ́, àbí ẹ kàn kọ ọ́ sórí ìwé ni? Ẹni tí kò bá yín jẹ́ ẹ̀jẹ́ kò da ẹ̀jẹ́ kankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìpè yẹn dùn yín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan kọ àtẹ̀jáde irọ́ nípa Emulex, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba orí Internet Wire, iléeṣẹ́ tó ń pín àtẹ̀jáde kiri, jáde, iléeṣẹ́ ìròyìn Bloomberg náà sì gbé e. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iye tí ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ náà tó lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ìpè ìṣẹ́jú kan ì bá tú u fó.

AlukoroẸlẹ́rọ fèsì:

Ẹ̀gbọ́n OlóòtúÒru, ojú ń tì mí. Inú ìpàdé ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, fóònù mi wà nínú báàgì. Ìpè mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, látọ̀dọ̀ nọ́ńbà kan náà. Mo rò pé ẹni tí mo jẹ lówó ni, mi ò pè é padà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Oníròyìn àgbẹ̀ ni.

Mo pè é. Ó ní ìpínrọ̀ kẹfà lòun ń pè lé lórí, ibi tí a ti sọ pé iyanrìn ò lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́ mọ́. Ó ní èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò báyìí, iyanrìn ló ń pa á, pé kí ló dé tí mo fi ìròyìn pa mọ́ sábẹ́ inú dídùn ọ̀gá mi. Ó fẹ́ bá ẹnjiníà tó ṣe é sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi oníyanrìn.

Mo ti ń tún un kọ. Iyanrìn ló wà lórí àkọlé báyìí. Ọ̀gá mi ṣì ní kí inú òun dùn ní ìpínrọ̀ kejì, a ṣì ń fà á. Ìbéèrè kan ló kù: nọ́ńbà ta ni kí n fi sísàlẹ̀, tèmi àbí ti ẹnjiníà?

OlóòtúÒru fèsì:

Ẹ fi méjèèjì síbẹ̀. Kí tiyín má sì wọ inú báàgì mọ́.