Èsì: "Ìwé àjọṣepọ̀" kọ́, "ìwé afèsì" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí á máa pe "interactive document", irú èyí tí a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn ń tẹ nǹkan sí tí ó sì ń dá a lóhùn, ní "ìwé àjọṣepọ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò wọ̀ mí létí. Bí mo bá gbé ìwé àjọṣepọ̀ lé ìyá mi lọ́wọ́, ibi tí yóò ti tẹ̀ka ni yóò máa wá. "Ìwé ìbánisọ̀rọ̀" tí ẹlòmíràn mú wá ńkọ́? Lẹ́tà lásán náà ń báni sọ̀rọ̀.

Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà fa ohùn rédíò wọ ilé oníilé l'Ékòó. Àpótí ń sọ̀rọ̀, o ò lè dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n rí náà ló wà nínú orúkọ tí rédíò ń jẹ́ dòní: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ yọ "sọ̀rọ̀má" kúrò láàárín, ó di agbèsì, ìyẹn ohun tó ń gba èsì ẹni.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, àfi ìgbà tí mo rántí àwọn nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣe ẹ̀kọ́. Ìṣirò omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ni: mílílítà 1,000, wákàtí 8, ẹ̀kán 20 nínú mílílítà kan. Ẹ̀kán bíi 42 ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Nínú fọ́ọ̀mù PDF lásán, o kọ 42, ó gbà á; o kọ 420, ó gbà á bákan náà. Agbèsì nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n odi ni. Nínú Jupyter, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ àti ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ ti jọ ń wà nínú ìwé kan náà, o sọ wákàtí 8 di 6, o tẹ̀ ẹ́ kó ṣiṣẹ́, 42 di 56 lójú rẹ. Ìyẹn kò gbèsì nìkan, ó fèsì. Ìwé afèsì ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ń sọ pé "ìwé tó ń dáhùn". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n "ìwé adáhùn" sún mọ́ ìwé ìdáhùn inú yàrá ìdánwò jù. Ẹnìkan lè ní èsì ìdánwò náà ń bẹ. Ó ń bẹ, ó sì wúlò fún wa: 56 yẹn, ìdáhùn ni, àbájáde ìṣirò sì ni. Èsì gba méjèèjì.

Ó ku àwọn àpótí kéékèèké inú Jupyter tí wọ́n ń pè ní "cell". Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní sẹ́ẹ̀lì tiwọn nínú ẹ̀jẹ̀. "Yàrá" ni mo ń rò. Kí lẹ rí sí i?