Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pè yín sí ayé sísítà?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Kristi. Àgùdà ni mí, olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ níwájú Ara Mímọ́, ọkàn mi á máa fà sí ayé sísítà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin gidi kan fẹ́ fẹ́ mi, màmá mi sì ń retí ọmọ-ọmọ. Mo mọ̀ pé ó kéré tán, èèyàn á lo oṣù 12 ní nófíṣíétì, ìyẹn àkókò ìdánwò àti ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ di sísítà, kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́, nítorí náà wíwọlé nìkan ò tíì dè mí. Ti arákùnrin yìí ló ń dùn mí jù: ṣé kí n sọ fún un báyìí ni, àbí kí n kọ́kọ́ rí fadá? Ẹ̀yin sísítà, kí lẹ fi mọ̀ pé ìpè ni, pé kì í ṣe ìbẹ̀rù ilé ọkọ?