Rìmóòtù síláìdì mi kì í dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń bójú tó síláìdì ní ìjọ wa. Ẹ̀yìn pátápátá ni kọ̀ǹpútà wà, pásítọ̀ wà níwájú, ó tó mítà 20 síra wọn. Rìmóòtù tí mo rà ní USB kékeré bí èékánná tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ ọ, ìgbì rédíò 2.4 GHz ló ń lò, mítà 10 ni wọ́n sì kọ sára páálí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú wọn, ẹsẹ Bíbélì ò yí. Ìgbà tó máa gbọ́, ó fo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti pààrọ̀ bátìrì. Mo ṣàkíyèsí pé tí pásítọ̀ bá kúrò lẹ́yìn òpó, ó máa ń gbọ́ díẹ̀.

Tí mo bá fi wáyà USB gígùn fa USB kékeré yẹn síwájú, ṣé á ṣiṣẹ́? Àbí kí n kúkú lo KDE Connect, áàpù tó ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí fóònù di rìmóòtù? Wi-Fi lásán ló fẹ́, kò jẹ dátà. Kí ìpè má sáà lọ wọlé láàárín ìwàásù ni! Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.