Kí ni wọ́n kọ́kọ́ pe àìsàn náà kí wọ́n tó mọ̀ pé bipolar ni? Ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ó pẹ́ gan-an tí a fi ń wo ibà àti táífọ́ọ̀dù fún un. Nígbà tó yá, dókítà kan ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ tí kì í lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wá ń jí láàjìn, ó ń bá àwọn aládùúgbò fọ mọ́tò, ó ń pe gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé òun fẹ́ dá iléeṣẹ́ pure water sílẹ̀. Ó ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ìgbà yẹn la tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ, òun ló ní bipolar ni, àìsàn tó ń gbé ọkàn èèyàn sókè jù nígbà kan, tó sì ń rì í mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ pe tiyín? Ta ló sì wá já a?

Sùnkànmí: Èmi ni wọ́n pè ní ọ̀mùtí. N kì í mutí.

Nọ́ọ̀sì Tóyìn: Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. À ń rí irú ti àbúrò yín ní wọ́ọ̀dù dáadáa. Ìgbà tí ayé bá sú èèyàn ló ń wá sí ọsibítù. Ìgbà tí ara bá yá a ju bó ṣe yẹ lọ, ta ló máa wá? Lójú tirẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan dára. Tí dókítà ò bá béèrè pé ǹjẹ́ ìgbà kan wà rí tí o ò sùn tí kò sì rẹ̀ ọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan ló máa rí. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì láìsí èyí tó ń di ọkàn mú lè gbé ẹlòmíràn sókè fíofío. Kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ tó máa sọ pé bipolar rè é o. Ìtàn la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá èèyàn yín wọlé tọ dókítà, kí ẹ sọ ohun tí ojú yín rí nílé, torí òun fúnra rẹ̀ ò ní sọ ọ́.

Akin Òkè-Ìlewó: Ṣé gbogbo ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ní bipolar ni? Àpà làwọn mìíràn o.

Nọ́ọ̀sì Tóyìn: Bọ̀dá Akin, àpà máa ń sùn. Ilẹ̀ títà nìkan kọ́ là ń wò. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tí oorun ò wu èèyàn, tí ọ̀rọ̀ ń sáré jáde lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo ilé ń sọ pé "lágbájá tí a mọ̀ kọ́ nìyí", ìyẹn là ń pè ní mania.

Màmá Dàmi: Ọmọ mi obìnrin ni tèmi. Ọdún tó wọ yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí, kì í jẹun, irun rẹ̀ pàápàá kò dì í. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló ń dà á láàmú, ká wá ṣe ìṣọ́ òru. A lọ. Ní òru kejì ó dìde, ó gba máìkì lọ́wọ́ wòlíì, ó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Inú ìjọ dùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀bùn ti jáde. Èmi ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Àbẹ́là tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń yọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó, awọ ibẹ̀ ti ń pọ́n, kò tilẹ̀ mira. Àyà mi já. Àró la gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oògùn, ìdílé ló ń béèrè. Ta ló ti ṣe báyìí rí? Ìgbà yẹn ni mo rántí àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá náwó tán lóṣù kan, oṣù tó tẹ̀ lé e kò ní jáde nínú yàrá. A kàn máa ń sọ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọmọ Ọba Ọ̀run: Ẹ ṣọ́ra o. Kì í ṣe gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ ni àìsàn.

Màmá Dàmi: N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni. Ọmọ tí mo bí ni mò ń sọ.

Sùnkànmí: Ẹ ṣeun, Màmá. Ọ̀rọ̀ àbẹ́là yẹn wọ̀ mí lára.

Diákónì Ìkòròdú: Ní ìjọ tiwa, pásítọ̀ ti sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ẹni tó bá ń lo oògùn ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣọ́ òru, kó máa gbàdúrà láàárọ̀. Àwọn kan bínú kúrò ní ìjọ nítorí ẹ̀. Mo gbà pé ohun tó sọ dára. Àìsùn máa ń ta àìsàn yìí jí, Ọlọ́run sì ń gbọ́ àdúrà ọ̀sán.

Ọmọ Ọba Ọ̀run: Ta ni pásítọ̀ tó ní kí èèyàn má ṣọ́nà?

Alhaji Ìwó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Lithium, oògùn bipolar tó ń di ọkàn mú, lèmi ń lò, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ Ramadan ló sì jẹ mí lógún jù. Dókítà mi ní tí omi bá gbẹ lára mi, lithium á ga nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè di májèlé. Àáfà wa ló ṣí Súrà Baqarah, ẹsẹ̀ 184, ó kà á fún mi. Mo ń bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀ báyìí. Ọkàn mi balẹ̀.

Fọláṣadé: Alhaji, iyọ̀ náà ńkọ́? Màmá mi ní bipolar, wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ wọn lójijì, dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru sì fún wọn ní oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀. Kò bi wọ́n léèrè oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé ẹ̀kọ ń dà sí wọn láyà, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn. A ti ń sunkún pé rọpárọsẹ̀ ni. Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde, lithium ti wọ 2.1. Láàárín 0.6 sí 1.0 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, tó bá ti kọjá 1.5 ewu ti dé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Akin Òkè-Ìlewó: Kí ló dé tí wọ́n ń fún èèyàn ní ohun tó lè pa á?

Káyọ̀dé Apòògùn: Torí ó ń gba ẹ̀mí là, bọ̀dá. John Cade, dókítà kan ní Ọsirélíà, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1949 pé òun fún àwọn 10 tó ní mania ní lithium, ara wọn sì wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí Àǹtí Ṣadé sọ wà nínú ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń ta lithium ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ní àrùn ọkàn pé kí wọ́n fi rọ́pò iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n ń bù ú sóúnjẹ láìwọ̀n, àwọn kan kú, ẹ̀rù sì ba gbogbo dókítà. Mogens Schou, dókítà ọpọlọ kan ní Denmark, kò jáwọ́. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí tiwọn jáde ní 1954, arákùnrin rẹ̀ gan-an sì wà lára àwọn tí oògùn náà padà ràn lọ́wọ́. Ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìwádìí BALANCE jáde ní 2010, ó hàn pé lithium ń dènà kí àìsàn yìí padà ju valproate, oògùn bipolar mìíràn, nìkan lọ. Ó tún wà lára oògùn díẹ̀ tó ń dín pípa ara ẹni kù. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ yín lóòrèkóòrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo kíndìnrín yín àti thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn. Kì í ṣe oògùn tí à ń rà káàkiri kẹ́místì.

Bùkọ́lá Peckham: Schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ pe tèmi ní Lọ́ndọ̀nù níbí. Ọlọ́pàá ló gbé mi wọ ọsibítù. Inú ìwé wọn, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, àsọtúnsọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé, ó ní kí n tún un sọ. Oríkì ìdílé wa ni mò ń kì! Ó jókòó ti dókítà, ó ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń rí ní ọdọọdún, ìgbà tí mò ń fò àti ìgbà tí mo máa ń dùbúlẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n yí i padà sí bipolar. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé wọ́n máa ń tètè lẹ schizophrenia mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tún fetí sí èyí: valproate lè ba ọmọ inú jẹ́. Láti 2018, wọn kì í fún obìnrin tó lè lóyún níbí àyàfi tó bá wà nínú ètò tí wọ́n fi ń dènà oyún. Ẹ bi dókítà yín léèrè kí oyún tó dé. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín.

Sùnkànmí: Wọ́n kọ oríkì sílẹ̀ bí àìsàn! Hà!

Ìyá Ọ̀fà: Tí ó bá jẹ́ èmi ni, wọn ì bá má tú mi sílẹ̀ mọ́. Oríkì tiwa kì í tán.

Ọmọ Oníṣègùn Ìlá: Oògùn òyìnbó nìkan lẹ ń sọ látàárọ̀. Asofẹ́yẹjẹ ni bàbá mi fi ń tọ́jú wọn, wọ́n ń sùn, ara wọn ń balẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń wá dúpẹ́ títí dòní.

Káyọ̀dé Apòògùn: Ẹnu yín ò parọ́. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, ara ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1952, wọ́n sì lò ó fún aláìsàn ọpọlọ kárí ayé nígbà kan. Ṣùgbọ́n ó ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gan-an, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ó lè dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni bipolar tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fẹ́ rì í mọ́lẹ̀ ni?

Ọmọ Oníṣègùn Ìlá: Bàbá mi mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Bùkọ́lá Peckham: Ṣé wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n?

Ọmọ Oníṣègùn Ìlá: Nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Tóyìn: Inú mi dùn pé ẹ ò ṣe é. Ẹ má jà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ní Ìbàdàn àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde ní 2020, ní Nàìjíríà àti Gánà, pẹ̀lú aláìsàn 307 tí orí wọn dàrú, ní ilé oníṣègùn àti ilé àdúrà. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá oníṣègùn tàbí wòlíì pawọ́ pọ̀, ara aláìsàn yá ju ibi tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bó ṣe wà lọ. Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Àró láti 1954, tí aláìsàn ń gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀.

Ọmọ Oníṣègùn Ìlá: Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ wá, kó wá. Ilẹ̀kùn mi ṣí.

Alhaji Ìwó: Apòògùn, orúnkún ń dùn mí. Ṣé mo lè lo ibuprofen?

Káyọ̀dé Apòògùn: Rárá o, Alhaji! Ó ń jẹ́ kí lithium ga nínú ẹ̀jẹ̀. Paracetamol ni kí ẹ lò, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà yín tí ẹ bá lọ.

Fọláṣadé: Diclofenac náà ńkọ́? Wọ́n fún màmá mi lánàá.

Káyọ̀dé Apòògùn: Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ pe dókítà wọn lálẹ́ yìí.