Wíwá àpá háàtì àtáàkì lórí MRI láìlo gadolinium

Ẹnì kìíní: Gadolinium, oògùn tí a ń gún sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí àwòrán lè hàn dáadáa, ni gbogbo wa mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí: 0.1 sí 0.2 mmol fún kílò kan ìwúwo ara, ká dúró ìṣẹ́jú 10 sí 20, ibi tó ti kú lára ọkàn á sì tàn yòò. Ṣùgbọ́n tí kíndìnrín aláìsàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, tí eGFR rẹ̀ (ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) kò tó 30, irú gadolinium àtijọ́ lè mú kí awọ rẹ̀ le gbagidi.

Tí ẹ kò bá ní fún un, máàpù T1 ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn, ní mílísẹ́kọ́ńdù (ms), bí àmì MRI ṣe ń pẹ́ tó kó tó padà bọ̀ sípò ní ibi kọ̀ọ̀kan. MOLLI 5(3)3, ọ̀nà kan láti yà á (ẹ yà ní ìlù 5, ẹ sinmi 3, ẹ tún yà 3), máa ń gba ìgbà 11 tí ọkàn bá lù, láìmí. Ẹni tí kò bá lè di èémí mú tó bẹ́ẹ̀, ShMOLLI, oríṣi rẹ̀ tó kúrú, ń parí láàárín ìlù 9. Ẹran ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bí 950 sí 1,050 ms lórí máṣíìnì 1.5T (T ni tesla, agbára mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀), lórí 3T, ó máa ń sún mọ́ 1,200. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ á wú, omi á pọ̀ níbẹ̀, T1 á ga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá nọ́ńbà ẹlòmíràn lò. Ẹ ya àwọn tí ara wọn le lórí máṣíìnì tiyín kí ẹ tó mọ èyí tó ga.

Ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. T1 tiẹ̀ ju 1,500 ms lọ. Bí ògiri ọkàn bá ti fẹ́lẹ́, tí ègé àwòrán sì nípọn tó 8 mm, ẹ̀jẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ píkísẹ́lì etí, ẹ ó sì rí àpá níbi tí kò sí. Ẹ fa ìlà tí ẹ fi yí ibi tí ẹ fẹ́ wọn ká wọnú ògiri díẹ̀ láti etí méjèèjì.

Ẹnì kejì: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo fẹ́ fi kún un pé T1 nìkan kò tó. Ẹ ya máàpù T2, tó ń fi hàn bí àmì náà ṣe yára ń parẹ́, lórí ègé kan náà. Lára ẹran ọkàn tó dára, ó máa ń tó 50 ms lórí 1.5T. Bí méjèèjì bá ga, ọgbẹ́ tuntun ni. Bí T1 bá ga tí T2 kò yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àpá àtijọ́. Ibi tó ń tan èèyàn jẹ ni bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ya sínú ọgbẹ́: irin inú ẹ̀jẹ̀ yẹn á fa T1 àti T2 wálẹ̀, àárín ọgbẹ́ á wá dà bí ibi tó dára, òrùka tó ga á sì yí i ká. T2*, oríṣi T2 tí irin tètè ń fà wálẹ̀, ló ń tú u fó. Bó bá ti wà lábẹ́ 20 ms lórí 1.5T, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹnì kẹta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ní ti àpá ọlọ́jọ́ pípẹ́, T1 rẹ̀ kì í jìnnà púpọ̀ sí ti ẹran tó dára, ọ̀rá tó bá wọ inú rẹ̀ sì tún ń yí nọ́ńbà padà. T1rho, máàpù mìíràn tó ń wọn bí àmì ṣe ń parẹ́ nígbà tí ìgbì rédíò (spin-lock) di àmì náà mú, ni mo fara mọ́ níbẹ̀: spin-lock 500 Hz, àkókò rẹ̀ láti 0 dé bíi 50 ms. Ẹ ṣe shim (títún agbára mágnẹ́ẹ̀tì ṣe kó dọ́gba) sórí ọkàn nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà dúdú á gba àwòrán kọjá. Ní 2022, àwọn ará Oxford gbé VNE (virtual native enhancement) jáde fún irú àpá yìí. Kọ̀ǹpútà ló ń fi cine (fídíò bí ọkàn ṣe ń lù) àti máàpù T1 ya àwòrán tó jọ ti gadolinium. Bí aláìsàn bá mí nígbà tí ẹ ń ya máàpù yẹn, ẹ tún un yà kí ẹ tó fún kọ̀ǹpútà.