Ọ̀nà wo ni kí n fi yọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ fún mass spec (ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù)? Ó kánjú!

ỌmọLáàbù: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ. A fẹ́ wá ọ̀rá tó ń fi àrùn ọkàn hàn. Ṣé ọ̀nà Folch (chloroform àti methanol) ni àbí butanol? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Máàmi_Ceramide: Ọ̀rá wo? Bó bá jẹ́ ceramide (irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀), butanol ni. Pílásímà EDTA (omi ara ẹ̀jẹ̀ tí a fi EDTA dènà dídì rẹ̀) 10 µL, butanol àti methanol ọgbọọgba 100 µL, kí internal standard (ọ̀rá òṣùwọ̀n tí a mọ iye rẹ̀) tó ní deuterium (hydrogen tó wúwo) ti wà nínú rẹ̀ kí o tó dà á sí pílásímà. Vortex (gbọ̀n ọ́n pọ̀), sonicate (fi ìró gbọ̀n ọ́n), fi centrifuge yí i, kí o fa omi tó wà lókè gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ceramide mẹ́rin ni kí o wá (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye carbon inú ìrù ọ̀rá rẹ̀, èkejì ni iye ìsopọ̀ onílọ́po méjì): 16:0, 18:0, 24:1, 24:0. Ion (èérún tó ní agbára iná) 264.3 ni gbogbo wọn ń já sí. Ìpín 16:0 lórí 24:0 ni kí o máa wò, má fi ẹyọ kan ṣèdájọ́.

Bàbáa_QQQ: Kí column (ọ̀pá tí ọ̀rá ń gbà kọjá kó tó wọ ẹ̀rọ) yà wọ́n sọ́tọ̀ o! 24:1 (648.6) tó bá ní carbon-13 (carbon tó wúwo díẹ̀) méjì á bọ́ sórí 24:0 (650.6). Hexosylceramide (ceramide tó so mọ́ ṣúgà) náà máa ń sọ ṣúgà rẹ̀ nù nínú source (ẹnu ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rá di ion), á wá jọ ceramide. Dín ooru source kù.

Kòkúmọ́: Ẹ̀ ń sọ column! Ẹ bi í bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tiwa há sí pápákọ̀ òfúrufú lọ́wọ́ àwọn akẹ́rù kan, dry ice gbẹ tán, gbogbo tube yọ́. LysoPC (irú ọ̀rá mìíràn) ròkè lára aláìsàn àti alára líle bákan náà. Iṣẹ́ bàjẹ́.

Adé_Plasma: Àwọn akẹ́rù wo? Tiwa ń bọ̀ lọ́nà!

Máàmi_Ceramide: Kòkúmọ́, má dẹ́rù ba ọmọ. Ceramide kì í yára bàjẹ́ báyẹn.

Kòkúmọ́: Mà, ṣé ó sọ pé ceramide lòun ń wá ni?

Bàbáa_QQQ: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. LysoPC ni LCAT (enzyme inú ẹ̀jẹ̀) ń mú pọ̀ sí i bí pílásímà bá yọ́. Ceramide kò sí nínú ìyẹn. ỌmọLáàbù, bu díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo pílásímà, pò ó pọ̀, kí o fi ṣe QC (àpẹẹrẹ tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ) lẹ́yìn àpẹẹrẹ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Má sì to aláìsàn ṣáájú kí alára líle tẹ̀lé. Bí agbára ẹ̀rọ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ó pè é ní àrùn.

Nọ́ọ̀sì_Bímpé: Kí ló dé tí ẹ kò kàn ṣe ApoB (purotéènì tó ń gbé ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀)? Immunoassay (àyẹ̀wò tó ń lo antibody) ni, kò wọ́n.

Adé_Plasma: Kì í ṣe ohun tó bèèrè, ẹ̀gbọ́n. Mayo Clinic (ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà) ti ń fi ceramide yẹ aláìsàn wò láti 2016.

ỌmọLáàbù: Ẹ ṣé púpọ̀. Chloroform ti wà nílẹ̀, Folch ni mo máa lò, chloroform méjì sí methanol kan. Mo fẹ́ wo triglyceride pẹ̀lú.

Máàmi_Ceramide: Triglyceride tún kẹ̀! Ó dáa. Tube onígíláàsì ni kí o lò, chloroform á fa erucamide (èròjà tó ń mú ike yọ̀) jáde lára ike, ion rẹ̀ 338.3 á kún ojú ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rá ń wà nínú Folch, má lọ fa ti òkè.